Ẹ́ńjìnnì Wo Nìyí, Ọdún Wo Sì Ni? Bí A Ṣe Ń Dá Fọ́tò Rélùwéè Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Mọ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń wá lemọ́lemọ́: "Fọ́tò kan wà nínú àpótí bàbá wa. Ọkọ̀ ojú irin eléèédú ni, nílùú òyìnbó. Ẹ́ńjìnnì wo ni? Ọdún wo ni wọ́n yà á? Ibo ni wọ́n dúró sí?"

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á gbé fọ́tò náà sórí Google, wọ́n á wá èyí tó jọ ọ́, wọ́n á sì gba orúkọ àkọ́kọ́ tó bá jáde. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lè gba nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín ogójì ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n tún kùn ún ní ọ̀dà oríṣiríṣi, kí wọ́n sì yí ihò èéfín rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ. Ọgbà ni kí ẹ ṣe yí fọ́tò náà ká. Ẹ kọ ọdún méjì sílẹ̀: ọdún tí fọ́tò náà kò lè ṣáájú rẹ̀, àti ọdún tí kò lè kọjá rẹ̀. Gbogbo àmì tí ẹ bá rí, ẹ fi sún ọ̀kan nínú méjèèjì. Tí ọgbà náà bá ti fún débi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ fi òfin kan sọ́kàn látòkè délẹ̀: ohun tuntun lára ọkọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dájú, ohun àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì kìnnìún tí British Railways, ìyẹn rélùwéè ìjọba, gbé jáde ní 1956, fọ́tò yẹn kò lè ṣáájú 1956, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí lẹ́tà LMS (London, Midland and Scottish, ilé iṣẹ́ rélùwéè kan), ẹ má sọ pé 1947 ni òpin rẹ̀ nítorí pé ọdún yẹn ni LMS kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì kan láti kùn ń gbé lẹ́tà àtijọ́ káàkiri títí wọ inú àwọn ọdún 1950.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ẹ nílò:

- awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ìlọ́po mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá
- skánà: 600 dpi fún fọ́tò orí pépà, 2400 dpi ó kéré tán fún nẹ́gẹ́tíìfù
- pẹ́ńsù 2B (ẹ má fi bírò kọ nǹkankan sẹ́yìn fọ́tò, inki máa ń là á já)
- ìwé kan tí ẹ máa pín sí òpó méjì: "kò lè ṣáájú" àti "kò lè kọjá"

Ọwọ́ gbígbẹ, ọwọ́ mímọ́, etí fọ́tò nìkan ni kí ẹ dì mú. Ẹ skáàn ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kódà bó bá dà bíi pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á ya, ẹ skáàn gbogbo ojú ewé náà bó ṣe wà.

Ìkìlọ̀ nípa fíìmù: nẹ́gẹ́tíìfù tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí 1951 lè jẹ́ nitrate, èyí tó máa ń gbiná kíákíá. Ẹ wo etí rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ SAFETY síbẹ̀, kì í ṣe nitrate. Tí kò bá sí, tó sì ti pọ́n, tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, tó ń rùn, ẹ má tì í mọ́ inú agolo, ẹ má gbé e sábẹ́ iná gbígbóná. Ẹ gbé e sí ibi tútù tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ sì kàn sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Èyí tó ń rùn bí fínígà jẹ́ fíìmù SAFETY tó ń kú lọ: ẹ tètè skáàn rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Tó bá jẹ́ káàdì ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìlà pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, apá kan fún ọ̀rọ̀, apá kejì fún àdírẹ́sì, wọn kò tẹ̀ ẹ́ ṣáájú 1902. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ káàdì kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Àwọn tó ń ta káàdì máa ń tẹ nẹ́gẹ́tíìfù àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ẹnìkan fi ọwọ́ kọ sẹ́yìn, ẹ gbà á bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Ẹni náà lè ti kọ ọ́ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé fọ́tò náà kò dorí kodò lọ́tùn-ún lósì?

Nẹ́gẹ́tíìfù tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ máa ń sọ ọ̀tún di òsì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

1. Ẹ wá lẹ́tà tàbí nọ́ńbà èyíkéyìí, kódà lára pátákó ìpolówó.
2. Níbi tí ojú irin méjì bá wà, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá bá yín, ọwọ́ ọ̀tún yín ló yẹ kó wà nínú àwòrán.
3. Ẹ wo kóòtù ọkùnrin. Apá òsì kóòtù ló ń gorí apá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ òdìkejì lára gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀, fọ́tò náà ti yí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì

Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe ẹ́ńjìnnì: ẹsẹ̀ kékeré iwájú, ẹsẹ̀ ńlá tí irin gígùn so pọ̀, ẹsẹ̀ kékeré ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ ń rí, nítorí náà ẹ ka èyí tí ẹ rí, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹsẹ̀ kékeré méjì, ńlá mẹ́ta, kékeré kan: 4-6-2 nìyẹn. Ẹ má ka ẹsẹ̀ tẹ́ńdà, ìyẹn ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń gbé èédú àti omi, mọ́ ọn.

- 4-6-2, 4-6-0: ẹ́ńjìnnì tó ń sáré gbé èrò
- 4-4-0: èrò náà ni, ó sì wọ́pọ̀ gan-an ṣáájú 1923
- 4-2-2, ẹsẹ̀ ńlá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́: ayé Fikitóríà ló ti gbajúmọ̀ jù
- 0-6-0: ẹrù, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí náà kò lè dá ọdún fún yín
- 2-8-0, 2-10-0: ẹrù wíwúwo

Tí kò bá ní tẹ́ńdà, tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni omi wà, ẹ fi T kún un. Ẹ wo bí àpótí omi ṣe jókòó. Tó bá gun orí bọ́ílà bíi gàárì ẹṣin, ST ni. Tó bá so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bọ́ílà láìkan irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí àpò tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, PT ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ti GWR (Great Western Railway) ni. Irú kan nínú wọn, 5700, pọ̀ débi pé wọ́n kọ́ 863.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí pèpéle téṣàn tàbí èéfín bo ẹsẹ̀ kékeré ẹ̀yìn, kí ẹ wá pe 4-6-2 ní 4-6-0. Ẹ wo abẹ́ ilé awakọ̀ dáadáa.

## Ìgbésẹ̀ 4: Nọ́ńbà àti lẹ́tà

Ibí ni ọgbà ti ń fún jù. Ọjọ́ méjì ni kí ẹ há sórí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1923, wọ́n kó ilé iṣẹ́ rélùwéè tó lé ní ọgọ́rùn-ún pọ̀ di mẹ́rin: GWR, LMS, LNER (London and North Eastern Railway) àti Southern. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1948, ìjọba gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n di British Railways.

Lẹ́yìn 1948, nọ́ńbà máa ń sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti wá:

- nọ́ńbà mẹ́rin péré, lórí irin tí wọ́n rọ: GWR, wọn kò yí tiwọn padà
- 3 níwájú nọ́ńbà márùn-ún: Southern (850 di 30850)
- 4 tàbí 5 níwájú: LMS (5000 di 45000)
- 6 níwájú: LNER (22 di 60022)
- 7, 8 níwájú: èyí tí British Railways fúnra wọn kọ́
- 90000 sókè: ẹ́ńjìnnì ẹrù ìgbà ogun, 92000 sí 92250 ni 2-10-0 tí British Railways kọ́, tí èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì eléèédú wọn, 92220, jáde ní Swindon ní 1960

Ní oṣù bíi mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1948, kí ètò yìí tó dúró, lẹ́tà kan ni wọ́n ń fi sí ara nọ́ńbà àtijọ́: M, E, S tàbí W. Tí ẹ bá rí èyí, ọgbà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọdún kan.

Ṣáájú 1948, ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

- LMS: títí di 1928, nọ́ńbà gàgàrà ló wà lára tẹ́ńdà. Láti 1928, lẹ́tà LMS bọ́ sára tẹ́ńdà, nọ́ńbà sì lọ sára ilé awakọ̀.
- LNER: wọ́n yí nọ́ńbà gbogbo ẹ́ńjìnnì wọn padà ní 1946. Tí tẹ́ńdà bá sì kọ NE nìkan láìsí L àti R, ìgbà ogun ni wọ́n kùn ún, láti 1942.
- Southern: lẹ́tà A, B tàbí E níwájú nọ́ńbà túmọ̀ sí pé wọ́n kùn ún ṣáájú 1931. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21C jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tí Bulleid, olórí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún Southern, gbé jáde, kò sì lè ṣáájú 1941.
- GWR: àmì róbótó kékeré tí lẹ́tà GWR wé mọ́ra nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1934.

Lẹ́yìn 1948, ẹ wo ara tẹ́ńdà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ BRITISH RAILWAYS gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni kìnnìún tó dúró lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé, láti 1949. Kìnnìún kejì, tó yọ láti inú adé tó sì di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, dé ní 1956.

### Tí nọ́ńbà kò bá hàn tán

Ẹ má ṣe fi ojú inú parí rẹ̀. 3, 6 àti 8 jọra púpọ̀ nínú fọ́tò tó ti ṣá. Ẹ kọ gbogbo ohun tó lè jẹ́, kí ẹ sì fi ìrísí ẹ́ńjìnnì yọ èyí tí kò bá a mu kúrò. Àpẹẹrẹ: 4-6-0 ti LMS tí ẹ rí 45 níwájú rẹ̀, tí ìyókù kò hàn. Títí dé 45499, irú tí wọ́n ń pè ní Black Five ni. 45500 sí 45551, Patriot. 45552 sí 45742, Jubilee. Tí irin orúkọ bá wà lórí irin róbótó tó bo ẹsẹ̀ ńlá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jubilee tàbí Patriot, nítorí pé Black Five tó ní orúkọ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ojú ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà kankan, ìrísí á sọ fún yín.

GWR ló rọrùn jù. Kọ́pà ló dé orí ihò èéfín wọn. Lórí bọ́ílà ẹ́ńjìnnì ńlá wọn, kò sí kókó tó dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bíi ti àwọn yòókù. Ohun tó wà láàárín ni idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga sókè. Nọ́ńbà wà lórí irin lára ilé awakọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sí irin ìdábùú iwájú. King àti Castle, irú ẹ́ńjìnnì GWR méjì, máa ń da èèyàn láàmú: King, 6000 sí 6029, ni férémù ẹsẹ̀ kékeré iwájú rẹ̀ wà ní ìta ní ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì wọlé sínú ní ẹsẹ̀ kejì. Castle kò rí bẹ́ẹ̀. Tí agogo bá wà níwájú, 6000 ni, lẹ́yìn tó ti Amẹ́ríkà dé ní 1927.

LMS ń fi irin nọ́ńbà sí ojú ilẹ̀kùn róbótó iwájú bọ́ílà. Ẹ ṣọ́ra: lẹ́yìn 1948, British Railways sọ ọ́ di àṣà fún gbogbo ilẹ̀ náà, àyàfi pé ti GWR ṣì ní irin ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

LNER ń fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí irin ìdábùú iwájú. Irú ẹ́ńjìnnì wọn tó ń jẹ́ A4, tí imú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, kò ṣeé ṣì mọ̀. Márùndínlógójì ni wọ́n kọ́, láti 1935 sí 1938. Yẹ̀rì irin bo ẹsẹ̀ wọn nígbà náà. Wọ́n bọ́ yẹ̀rì náà kúrò nígbà ogun. A4 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba kò lè ṣáájú 1941.

Southern kọ orúkọ wọn gbọọrọ sára tẹ́ńdà. Àwo funfun pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé kọ́ iwájú ní ọ̀sán dípò àtùpà, ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni ìtò rẹ̀ sì ń sọ.

Lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù, irú ọkọ̀ ni àtùpà ń sọ. Ọ̀kan lórí bọ́fà (irin róbótó méjì tó yọ síwájú) kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ èrò tó ń sáré. Ọ̀kan ṣoṣo lókè lábẹ́ ihò èéfín: ọkọ̀ èrò tó ń dúró ní téṣàn kéékèèké. Ọ̀kan láàárín ìsàlẹ̀: ẹ́ńjìnnì nìkan tó ń lọ. Mẹ́rin: ọkọ̀ ọba.

Ẹ má fi àwọ̀ dá ẹjọ́. Fíìmù dúdú-funfun tó wọ́pọ̀ títí wọ àwọn ọdún 1930 kò rí àwọ̀ pupa. Pupa máa ń di dúdú nínú rẹ̀, búlúù á sì funfun. Ẹ́ńjìnnì pupa Midland Railway lè dúdú bí èédú nínú fọ́tò. Tí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ eérú, tó ń dán, tí wọ́n sì ti pa ẹ̀yìn àwòrán rẹ́, fọ́tò ilé iṣẹ́ ni: wọ́n máa ń kun ẹ́ńjìnnì tuntun ní àwọ̀ eérú kí fọ́tò lè mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń dá ọdún

- Nọ́ńbà 3 lára ilẹ̀kùn kọ́ọ̀ṣì: ṣáájú oṣù Kẹfà 1956, nígbà tí wọ́n sọ ipò kẹta di ipò kejì. Ẹ rántí òfin òkè: àwọn ilẹ̀kùn kan pẹ́ kí wọ́n tó kùn wọ́n.
- Lẹ́tà M, E, S, W tàbí Sc níwájú nọ́ńbà kọ́ọ̀ṣì: láti 1948.
- Kọ́ọ̀ṣì alápá méjì, ìsàlẹ̀ dúdú, àárín fẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà British Railways: láti 1949.
- Wágọ́nù tí wọ́n kọ orúkọ oníṣòwò èédú gàdàgbà sí, tó mọ́ tónítóní: ṣáájú ogun 1939.
- Téṣàn tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n kun etí pèpéle ní funfun: ìgbà ogun, láti 1940.
- Ìlà yẹ́lò tó dábùú nọ́ńbà lára ilé awakọ̀: láti 1964. Ó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì náà kò gbọdọ̀ lọ sí gúúsù Crewe lábẹ́ wáyà iná.
- Mọ́tò tí lẹ́tà kan parí nọ́ńbà rẹ̀: A jẹ́ 1963, B 1964, C 1965, D 1966.

Oṣù Kẹjọ 1968 ni British Railways fi ẹ́ńjìnnì eléèédú sílẹ̀ lórí ojú irin wọn gbogbogbòò. Òpin ọgbà yín nìyẹn, àfi tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ibo ni?

1. Ẹ wá irin kékeré tó rí bí ẹyin nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú bọ́ílà. Kóòdù ṣẹ́ẹ̀dì ni: 34A jẹ́ King's Cross, 5A Crewe North, 81A Old Oak Common, 70A Nine Elms. Ilé ẹ́ńjìnnì ló ń sọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò. Àwọn kóòdù kan sì yí padà: Holbeck ní Leeds jẹ́ 20A títí di 1957, kó tó di 55A.
2. Tó bá jẹ́ fọ́tò aláwọ̀ lẹ́yìn 1948, ẹ wo àwọ̀ pátákó orúkọ téṣàn: pupa rúsúrúsú fún ẹkùn British Railways tó ń jẹ́ London Midland, búlúù dúdú fún Eastern, ewé fún Southern, àwọ̀ ilẹ̀ fún Western, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún Scotland, ọsàn fún North Eastern.
3. Ẹ wo ọwọ́ sígínà. Tó bá ń wálẹ̀ láti fún ọkọ̀ láyè, GWR ni ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí pé àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í yí tiwọn sí èyí tó ń gòkè láti àárín àwọn ọdún 1920.
4. Ẹ fi afárá, ṣọ́ọ̀ṣì àti òkè tó wà lẹ́yìn wé máàpù Ordnance Survey àtijọ́. National Library of Scotland gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún àwọn tí fọ́tò wọn ti ọwọ́ òbí tó kàwé nílùú òyìnbó wá: ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster láti Èkó gúnlẹ̀ ní Liverpool, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Euston ní London. Lójú ọ̀nà yẹn ní àwọn ọdún 1950, 4 tàbí 7 ni kí ẹ retí níwájú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Tí ẹnu ọ̀nà ńlá olókùúta, tó ní òpó gàgàrà, bá wà lẹ́yìn wọn ní Euston, kò lè kọjá ìbẹ̀rẹ̀ 1962, wọ́n ti wó o.

## Àpẹẹrẹ kan: Flying Scotsman

Ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì LNER kan ṣoṣo ṣe yí padà:

- 1472: 1923, tuntun láti Doncaster
- 4472: 1924 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1946
- 502: oṣù díẹ̀ péré ní 1946
- 103: 1946 sí 1948
- 60103: òpin 1948 sí oṣù Kìíní 1963
- 4472 lẹ́ẹ̀kejì: lẹ́yìn tó bọ́ sọ́wọ́ aládàáni ní 1963

Ihò èéfín onílọ́po méjì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1959, pátákó adaríèéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé ní òpin 1961. Nítorí náà, 60103 tó ní ihò onílọ́po méjì tí kò ní pátákó, láàárín 1959 sí 1961 ni. Àmọ́ 4472 pẹ̀lú tẹ́ńdà méjì kì í ṣe ti ayé LNER rárá: 1966 ni wọ́n fi tẹ́ńdà kejì kún un.

## Àṣìṣe tó ń ṣi àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá lọ́nà

Gbígba orúkọ gbọ́ ju ara ẹ́ńjìnnì lọ. Wọ́n máa ń pààrọ̀ orúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sìnkú Ọba George Kẹfà ní 1952, 4082 Windsor Castle, tó yẹ kó fa ọkọ̀ tó gbé òkú rẹ̀, wà ní ilé ìtúnṣe. Wọ́n gbé orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ fún 7013 Bristol Castle, wọn kò sì dá a padà mọ́. Ẹ́ńjìnnì LMS tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1939 gẹ́gẹ́ bí 6220 Coronation, 6229 Duchess of Hamilton ni.

Ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú. Ẹ́ńjìnnì tó wọ aṣọ 1935 lè jẹ́ ti ìsinmi 1985. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn: bàtà, ṣòkòtò, àpò ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú irin àti mọ́tò.

Pípe ti ilẹ̀ mìíràn ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8½. Ti Nàìjíríà, tó dé Ìbàdàn láti Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wa, irú bíi River class 2-8-2 tó jáde ní Vulcan Foundry láti 1948. Nítorí náà fọ́tò ilé iṣẹ́ wọn lè ní ilé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, kó sì jẹ́ ọkọ̀ Nàìjíríà. Iná ńlá níwájú àti irin tó ń ti màlúù kúrò lójú ọ̀nà ni àmì pé òkèèrè ni wọ́n kọ́ ọ fún.

## Kíkọ èsì sílẹ̀

Tí ẹ bá há, National Railway Museum ní York, Stephenson Locomotive Society àti RCTS (Railway Correspondence and Travel Society) ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀. Ẹ fi skáàn iwájú àti ẹ̀yìn ránṣẹ́ pẹ̀lú òpó méjì yín, kì í ṣe fọ́tò nìkan pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́, kí nìyí?"

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí àpòòwé tí ẹ máa kó fọ́tò sí, kí ẹ ya ohun tó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára èrò yín, báyìí:

*A4 ti LNER, nọ́ńbà 22, Mallard. Ó dájú: láàárín 1946 sí 1948. Ìdí: nọ́ńbà ti 1946, kò tíì di 60022, kò sí yẹ̀rì. Ibi: bóyá York; òrùlé téṣàn nìkan ni ẹ̀rí, kò tíì dájú. Ẹni tó yà á: a kò mọ̀.*